Orúkọ Ilé, Orúkọ Ọ́fíìsì

"Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ yẹn ò nítìjú rárá!" Ohùn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró níwájú kíláàsì le débi pé gbogbo snow Calgary ní Kánádà fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́. Presentation yìí ló máa sọ bóyá á pass àbí á kó ẹrù padà sílé, ló bá gbé fóònù sórí tábìlì kí ìyá àgbà rẹ̀ lè máa wò ó láti Ìkirè. Tíṣà àtijọ́ ni ìyá àgbà, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì dán ju ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ.

"Gíríkì wá jọba lé wọn lórí, Róòmù tún dé, wọ́n ń fi orúkọ Gíríkì wáṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n bá délé, wọ́n á tún máa jẹ́ ti Íjíbítì. Ámónì tó jẹ́ òrìṣà wọn gan-an, wọ́n ní Súúsì òrìṣà àwọn Gíríkì ni! Nílé tiwa, ó tì o! Jésùgbèmí la ti ń jẹ́ látọjọ́ tí ayé ti dáyé!"

"Irọ́ nìyẹn," ìyá àgbà dáhùn látinú fóònù. "Fágbèmí lọkùnrin tí mo fẹ́. Ọjọ́ tó ń wáṣẹ́ tíṣà sílé ìwé míṣọ́n ló di Jésùgbèmí."

Ẹ̀rín kíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fèrèsé.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú wa fó!"

Prof ń nu omijé ẹ̀rín. "Mi ò gbọ́ àpẹẹrẹ tó dáa tó yìí rí. Máàkì A ni mo fún ẹ. O ṣé, Jason, lọ jókòó."

Akẹ́kọ̀ọ́ náà sáré nawọ́ sí fóònù, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Ta ló ń jẹ́ Jason?"