Ẹ̀wù Ààbò Inú Ọ̀rá

Olóríkunkun ni Rùfáì. Ẹ̀rín ló fi ń ṣe agídí tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò fi tètè mọ̀. Ọkọ̀ ọpọ́n ló ń wà lódò ẹ̀yìn Ìsọlọ̀, ó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ kọjá sí òdìkejì. Kò sẹ́ni tó mọ àjẹ̀ lò tó o ní èbúté náà, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ṣòfin pé kí gbogbo èrò máa wọ ẹ̀wù ààbò tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, Rùfáì ra mẹ́fà. Kò tú wọn kúrò nínú ọ̀rá. Ó fi okùn dì wọ́n mọ́ abẹ́ ìjókòó kí wọ́n má baà dọ̀tí, kí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lè rí i pé tuntun ni.

Bàbá Ìdrís, alága ẹgbẹ́, ní, "Rùfáì, èèyàn la ní kó o wọ̀ ọ́ fún, kì í ṣe pákó."

"Alága, tí mo bá ní kí kọ́sítọ́mà wọ̀ ọ́, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á lọ wọ ọkọ̀ ẹlòmíì. Ṣé ọkọ̀ mi ti dojú dé rí ni?"

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, Àrìnkẹ́ wọ ọkọ̀ náà. Òun nìkan ni àbúrò tí Rùfáì ní, télọ̀ ni, ó ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà.

"Bọ̀dá mi, omi yìí mà pọ̀ o. Ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú jákẹ́ẹ̀tì yẹn."

"Àrìnkẹ́ ojo! Ṣé èmi lo ò gbẹ́kẹ̀ lé?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọbìnrin náà, ó jókòó.

Láàárín odò, igi ńlá kan tí àgbàrá ń gbé bọ̀ kọ lu ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì dojú dé. Rùfáì rọ̀ mọ́ ọn, ó fa okùn abẹ́ ìjókòó, ó fi eyín já a, kò já. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́ "Bọ̀dá mi!" Kò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù yọ gbogbo èrò, àfi Àrìnkẹ́ tí omi gbé lọ. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹgbẹ́ gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Rùfáì títí ayé. Ṣùgbọ́n ìyà tó ju ìyẹn lọ ni ìyá wọn tó ti Ìsẹ́yìn wá, tó ń bi í léraléra pé, "Rùfáì, kí ni àbúrò ẹ tọrọ lọ́wọ́ ẹ?" Ẹ̀wù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà nínú ọ̀rá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé òfin ààbò kì í ṣe àṣehàn. Bó ti wù kí a mọ iṣẹ́ tó, ẹ̀mí ẹlòmíì kọ́ la fi ń dán an wò. Ẹni tó tọrọ ẹ̀wù lójú omi kì í ṣe ojo. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí tiyín ṣì wà nínú ọ̀rá, ẹ tú u lónìí.