Ta Ló Kù Lórí Ẹ̀rọ?

"Fáìlì ò ṣí mọ́ o!" Nọ́ọ̀sì ló ń pariwo lórí fóònù. "Dókítà ń dúró de fọ́tò egungun aláìsàn!"

"Ẹ má bínú, àǹtí," ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọsibítù dáhùn. " Èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì máa lé èèyàn padà bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ wà."

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà mí kanlẹ̀. Ẹ̀rọ ti lé gbogbo ọsibítù jáde, síbẹ̀ ó ṣì ń mí gúlegúle. Ó wo orúkọ àwọn tó kù lórí rẹ̀.

Orúkọ òun fúnra rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ètò mẹ́tàdínlógún tí òun alára ti ṣí láti àárọ̀ láti fi máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà ń bi í léèrè láìsinmi: "Ṣé kò rẹ̀ ọ́?"