Àrówólò Tó Fi Ìkíni Gba Iwájú

Àgbà ni Àrówólò fi ń rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ. N kò ní bò ó fún un. Mamobi ni wọ́n bí i sí, ó ń ta aṣọ lọ́jà Madina, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí ọkọ̀ akérò tí à ń pè ní trotro bá dé tí èrò pọ̀, yóò wo ọ̀dọ́ tó ti jókòó, yóò ní, "Ìwọ, o ò rí àgbà ni?" Kí ọmọ náà tó dìde kí i tán, Àrówólò ti jókòó. Bó ṣe ń ṣe nídìí omi nìyẹn, bó ṣe ń ṣe nídìí ẹran ìpàdé ẹgbẹ́ wa nìyẹn. À ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ wa kó gbogbo ìdílé lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ lórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Madina. Tìyá tọmọ la lọ. Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje kẹ̀kẹ́: wọn ó gun òkè, wọn ó gba inú igbó, wọn ó sọ̀kalẹ̀ padà sí pápá. Fíríìjì ńlá ni ẹ̀bùn ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn àgbà ni yóò kọ́kọ́ gbéra, àwọn ọ̀dọ́ yóò tẹ̀ lé wọn.

Ayọ̀midọ̀tun wà nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òun nìkan ni Àrówólò àti Sherifa ìyàwó rẹ̀ bí. Sherifa kò fẹ́ kó lọ. Ó ní ibi tí wọn ó ti sọ̀kalẹ̀ yẹn dà gẹ̀rẹ́ jù, òkúta sì pọ̀ níbẹ̀. Àrówólò ní, "Èmi bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, kí lò ń bẹ̀rù?" Sherifa gba fóònù bàbá àti ọmọ sínú báàgì rẹ̀ kí wọ́n má baà jábọ́. Ó wá jókòó tì mí nídìí omi tí mò ń pín. Mo fún un lóúnjẹ, kò jẹ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè, lẹ́yìn-ọ-rẹyìn la tó gbọ́ ọ. Ìdajì ọ̀nà ni àwọn ọ̀dọ́ ti bá Àrówólò. Fatawu, mẹkáníìkì ọmọ àdúgbò Alajo, ló kọ́kọ́ fẹ́ kọjá. Àrówólò ní, "Fatawu, ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? O fẹ́ kọjá bàbá ẹ láìkí i?"

Ojú ti ọmọ ọlọ́mọ. Ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ pupa. Kí àyà rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, Àrówólò ti lọ. Ó tún ṣe é fún àwọn mẹ́ta mìíràn. Ìgbà tí wọ́n pàdé, tí kálukú rí erùpẹ̀ láyà ẹnìkejì, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Wọ́n ní bó bá pe àwọn títí ilẹ̀ ó fi ṣú, àwọn ò ní dúró mọ́.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ibi tí Àrówólò ti dúró mumi lórí òkè, ọmọ rẹ̀ kọjá, ó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Bàbá kò lè gbà á. Ó pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ayọ̀midọ̀tun, ta lò ń kẹ́yìn sí? Dúró kí mi."

Ọmọ tó gbọ́ràn, bàbá rẹ̀ kì í pè é kó má wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn. Táyà iwájú kọ lu òkúta, ọmọ àti kẹ̀kẹ́ ré sínú kòtò.

Egungun ẹsẹ̀ ti yọ síta. Àrówólò sáré wọ inú kòtò, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi di ẹsẹ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Bó bá tú ọwọ́ sílẹ̀, ńṣe ni yóò tún máa dà. Fóònù wà nísàlẹ̀. Ibi tó dì í mú sí nìyẹn tó fi gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́. Koríko bò wọ́n mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ló jáde.

"Ẹ dúró. Fatawu, èmi ni mò ń pè yín, ẹ dúró."

Fatawu dá a lóhùn lórí eré pé, "Ẹ kú eré o, Daddy. Ó di ìsàlẹ̀ ká tó dọ̀bálẹ̀." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló kọjá, ìkan ò dúró.

Nísàlẹ̀, àwọn kẹ̀kẹ́ ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sherifa ti dìde, ó ń wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dé. Ó bi Fatawu pé Ayọ̀mi dà. Fatawu ní òun ò rí i, bàbá rẹ̀ nìkan lòun gbọ́ tó tún fẹ́ dá àwọn dúró.

Mo ní, "Ibo ló ti ń pè yín?"

"Nínú kòtò ni, Màmá."

"Kí ni àgbà ń ṣe nínú kòtò?"

Fatawu yí kẹ̀kẹ́ padà, ó forí lé òkè. Sherifa ti ń sáré tẹ̀ lé e láìwọ bàtà.

Ká tó gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, kí ọkọ̀ tó dé ọsibítù, oòrùn ti wọ̀. Dókítà ní ká ní a gbé e dé ní wákàtí kan ṣáájú ni, òun ì bá gbìyànjú láti gba ẹsẹ̀ náà là. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún.

Ní ọjọ́ kẹta ni Ayọ̀midọ̀tun tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Bàbá rẹ̀ ló jókòó tì í. Ó ní, "Daddy, mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo wà nílẹ̀. Ṣé ẹ pè wọ́n?"

"Mo pè wọ́n."

"Kí ló dé tí wọn ò dúró?"

Àrówólò fa aṣọ bo ibi tí wọ́n gé. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń dúró de èsì.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ o, èmi náà ń sọ fún ara mi. Ọ̀wọ̀ tí ọmọdé ń fún wa, wọ́n yá wa ni, kì í ṣe irin iṣẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹni tó bá fi ìpè àgbà ṣeré, ọjọ́ tó bá pè tọkàntọkàn, eré ni wọn ó kà á sí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti Àrówólò tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé igbá náà rù.