Ìyá Àti Ọmọ Ní Kíláàsì Kan Náà

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta!" Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà pa ilẹ̀kùn ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn dé mọ́ ìyá rẹ̀ lójú.

Ọdún méjì ni wọ́n ti jọ ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn ní Kalifọ́níà. Refugio, ìyá rẹ̀, a jókòó níwájú, a máa da ìbéèrè bo olùkọ́. Ọmọ a sá sẹ́yìn pátápátá, a ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Olùdámọ̀ràn wo kọ̀ǹpútà. "Máàkì rẹ pé, ìṣirò pé, Gẹ̀ẹ́sì náà pé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ yìí: èyí tó o bá yàn nínú wọn gbọ́dọ̀ gbà ọ́ kó o lọ parí ìwé rẹ níbẹ̀, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo lo lè yàn."

"Santa Barbara. Kí n ṣáà jìnnà sí obìnrin yẹn. Àgbàlagbà tó ń bá ọmọdé du àga!"

"Máàkì ti ìyá rẹ náà pé o."

Ọmọ náà kígbe. "Mo gbé! Ó tún máa tẹ̀ lé mi débẹ̀!"

Olùdámọ̀ràn pe Refugio wọlé, ó bi í léèrè èyí tó yàn.

"Davis."

"Ọmọ yín yan Santa Barbara o."

"Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa yàn. Ọdún méjì ni mo fi ń jí i láàárọ̀, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó tó gẹ́ẹ́. Èmi náà fẹ́ jókòó ti àwọn tó fẹ́ràn ìwé."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

"Màmá, Davis mà jìnnà sí Santa Barbara gan-an."

"Mo ti wò ó nínú máàpù," ni Refugio wí.