Ìgbín Lẹ́nu Ọ̀nà Iléèwé

Ìbídùn ń rìn bí ìgbín níwájú ilẹ̀kùn iléèwé, ó ń kùn bí oyin, bí gbogbo ọmọdé ṣe ń ṣe láràárọ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Bí ọkàn ọmọ bá balẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ á tan iná àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Pupa ni ti Ìbídùn tàn lánàá. Bó bá tún pọ́n lónìí, ọgbà àwọn aláìfarabalẹ̀ ni wọ́n máa mú un lọ.

Ìyá rẹ̀ ti bẹ Màmá Oyèbọ̀dé, ìyá àgbà Ìbídùn tó sìn ín wá: "Ẹ má kì í lónìí, mà. Oríkì yẹn ló ń mú orí ẹ̀ wú tí iná fi ń pọ́n."

Ìlẹ̀kẹ̀ di àwọ̀ ewé. Kí ilẹ̀kùn tó ṣí, Ìbídùn yíjú, ó kúnlẹ̀ síwájú Màmá bí ìṣe rẹ̀. Màmá ò kì í, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀ ẹ́. Iná tún ń pọ́n bọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni?"

 Màmá rọra ń kì í bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Àwẹ̀ró mi, ọmọ Oyèbọ̀dé, ọmọ tí mo pọ̀n tí ara tù mí."

Ọmọ mí kanlẹ̀. Iná padà sí àwọ̀ ewé, ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé.

Bí Màmá ṣe fẹ́ máa lọ, ọmọbìnrin tó kàn lórí ìlà di aṣọ rẹ̀ mú. Iná tirẹ̀ pupa bí ata.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kì èmi náà."

"Kí ni oríkì rẹ, ọmọ mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mi ò mọ̀ bóyá mo ní, mà."