Ọjọ́ Mẹ́wàá Má-Fọwọ́-Kàn-Án

Ọjọ́ kẹfà rèé nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n ń pè ní Má-Fọwọ́-Kàn-Án ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú Portoviejo. Tí ọjọ́ mẹ́wàá náà bá pé, wọ́n máa kó gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ibẹ̀ bọ́ sórí tuntun. Kó tó di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà nínú ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àfi tí Nereida Mendieta, alábòójútó ètò náà, bá fọwọ́ sí i. Ìbéèrè mọ́kànlá ló ti dé iwájú rẹ̀. Ó kọ gbogbo wọn.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Dókítà Baldomero Arízaga, olùdarí ilé ìwòsàn, mú ìkejìlá wọlé. Yuliana, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Ó ku ti Nereida.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Obìnrin arúgbó kan, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, ń dúró de iṣẹ́ abẹ ojú. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì ni wọ́n bí i. Oṣù Kejì ọdún yìí kò ní ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ kò rí ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ dànù. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ máa tẹ orúkọ àwọn tí àwọn dókítà ojú láti òkè òkun máa tọ́jú. Wọn kì í gba orúkọ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń wá, ojú arúgbó náà kò sì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀.

"Ìlà kan péré ni, ọ̀gá mi," Yuliana wí. "Mo ti kọ ọ́ tán. Kí ẹ tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún yín tán, ó ti parí."

Nereida ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìlà kan péré náà ni wọ́n yí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Odidi ọjọ́ méjì ni oògùn ẹlẹ́jẹ̀ ríru fi ń lọ bá alátọ̀gbẹ. Ta ló ti gbàgbé?"



"Nereida, a kì í fi òfin fọ́ ojú èèyàn," Dókítà wí.

"Bó bá jẹ́ ìyá ẹlòmíràn ńkọ́, Dókítà? Ṣé ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín gun àtẹ̀gùn wá síbí?"

Dókítà wo bàtà rẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó jáde.

Ní aago kan, ó padà wá pẹ̀lú ife kọfí méjì, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀.

"Lọ́jọ́ Ẹtì," Nereida wí kó tó jókòó, "ìyá mẹ́rin wá láti ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Mo kọ̀ fún wọn. Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí?"

"Pé ọ̀rọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ."

"Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ."

Ní aago mẹ́rin, ariwo ni Dókítà bá wọlé. "Mo lè yọ ọ́ nípò lónìí!"

"Ẹ yọ mí. Ọjọ́ mẹ́ta lẹni tuntun máa fi dúró kó tó gba ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà."

"Olórí kunkun! Ṣé òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́ ni?"

"Òkúta kì í yẹ̀, Dókítà. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gbé mi sórí àga yìí."

Yuliana dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò."

"Àtàná ni mo ti ń rò ó."

Aago márùn-ún lù. Ẹ̀rọ tẹ ogójì orúkọ jáde. Nereida kọ "Rárá" sórí ìbéèrè kejìlá, ó fi lé àwọn mọ́kànlá yòókù lórí, ó sì gba àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá láìtẹ orí ba. Kò sẹ́ni tó kí i.

Nígbà tó délé, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀pà fún ìyá rẹ̀, ó mú ọwọ́ arúgbó náà kan etí àwo kó lè mọ ibi tó wà, ó sì sọ fún un pé àwọn dókítà ojú kò ní pe orúkọ rẹ̀ lọ́dún yìí, pé òun ọmọ rẹ̀ gan-an ni kò fọwọ́ sí i.