Ẹja Àkọ́jẹ Mitwalli

Ẹ má dúró ní ìdajì o. Ẹ ka ìtàn yìí kan ìlà tó kẹ́yìn, torí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ní ìdajì ló kó bá ọkùnrin inú rẹ̀.

1.
Ní Nabaroh, ìlú kan ní Íjíbítì, bí Ṣam Nasim, ọdún ìgbà ìrúwé tí wọ́n fi ń jẹ ẹja, bá ti ń sún mọ́lé, ẹnu ọ̀nà Mitwalli kì í gba èrò. Fasikh, ẹja oníyọ̀ inú àgbá, ló ń ṣe. Á ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, á gbé e símú, á ní, "Èyí ti tó," tàbí, "Èyí ti bàjẹ́, ẹ sin ín." Ogún ọdún, kò ṣì í rí. Síbẹ̀, kò ta àgbá kan rí láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, kó sì dúró ọjọ́ méjì.

2.
Òfìnkì burúkú kan mú un. Ibà lọ, ikọ́ lọ, imú kò gbóòórùn mọ́. Inshirah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Safinaz. Nínú ìgò olóòórùn méjìlá tí dókítà gbé sí i nímú, mẹ́ta péré ló mọ̀.

"Bàbá, ẹ dúpẹ́. Ẹni tó bá ṣì gbóòórùn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ sábà máa ń padà. Ṣùgbọ́n..."

Mitwalli ti dìde. "Inshirah, o gbọ́? Ó ń padà bọ̀! Jẹ́ ká lọ."

Inshirah ló dúró gbọ́ ìyókù: ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan. Bí imú bá sì ń jí, ó lè kọ́kọ́ máa parọ́. Kòfí lè máa rùn bí àkísà tó ń jó.

3.
Ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin. Sabir, ẹlẹ́ja òdìkejì, ń pariwo: "Ẹ wá sọ́dọ̀ mi o! Imú Mitwalli ti di ihò ògiri, aláǹgbá ló kù kó wọ̀ ọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á. Ó sì ti gbọ́ òórùn ọsàn fìrí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ló bá ṣí àgbá ńlá, ó gbé ẹja símú, ó ní, "Èyí ti tó."

"Bàbá, imú mi ò gba èyí o," ni Inshirah wí.

"Ìwọ tí mo kọ́ níṣẹ́? Ọmọ kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́. Yẹra!"

"Ó dáa, ẹ má tíì tà á."

"Ṣé mo tà láìjẹ rí ni?"

Ó fi àlùbọ́sà jẹ ẹ́. Èrò ń bẹ̀ ẹ́ níta, ó kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ padà wá lọ́túnla. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ jẹ."

4.
Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, májèlé inú ẹja náà ti mú un: ojú rẹ̀ ń rí nǹkan ní méjì-méjì, ahọ́n rẹ̀ wúwo, èémí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá. Oṣù méjì ló lò nílé ìwòsàn. Apá tó fi ń gbé àgbá kò lágbára mọ́ títí dòní. Gbogbo ẹja ọdún náà ni Inshirah sin, Sabir fúnra rẹ̀ ló sì gbé ṣọ́bìrì wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíì kankan ní Nabaroh tó dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Inshirah gbé kòfí wá síbi ibùsùn. Baba yí orí kúrò.

"Kí lo sè yìí? Àkísà ló ń jó!"

Inshirah ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́. "Bàbá, ìdajì tí ẹ ò dúró gbọ́ nìyẹn. Imú yín ń bọ̀."

"Ó ń bọ̀," ni baba wí, "kò tíì dé. Ìwọ ni kó o máa gbóòórùn àgbá."

Ẹ̀yin tí òfìnkì gba imú lọ́wọ́ yín, "ó ń bọ̀" kì í ṣe "ó ti dé." Ẹ má fi imú tí kò tíì yá dá oúnjẹ aráyé láre. Ẹ kọ́ àkọ́jẹ Mitwalli, ẹ má kọ́ ìkánjú rẹ̀. Lóòótọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ṣùgbọ́n lẹ́nu dókítà, ẹ jókòó kó di odindi.